Etí Tí Ọwọ́ Ṣe: Ìtàn Ẹ̀rọ Inú Etí àti Ìbéèrè Ìgbọ́ràn Tòótọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọba kò kúrò láàfin, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ ní abà lójúmọmọ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Etí tí ó kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ náà kò sí lára ọba, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọba kò gbọ́. Òwe mìíràn sì wà tí kò fara mọ́ ìyẹn pátápátá: ìròyìn kò tó àfojúbà. Àárín òwe méjèèjì yìí ni ìbéèrè ńlá kan fìdí sí lóde òní. Bí ẹ̀rọ bá di ẹ̀yà ara, tí ènìyàn ń fi í gbọ́ràn tàbí tí ó ń fi í ríran, ṣé ènìyàn náà gbọ́ lóòótọ́ ni, àbí ẹ̀rọ kàn ń ròyìn fún un?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé ọjọ́ iwájú nìkan ni ó kàn, bí ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú sinimá. Ìtàn fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ti ṣe ẹ̀yà ìmọ̀lára kan ná, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ nínú orí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Òun ni ẹ̀rọ inú etí, tí àwọn dókítà ń pè ní cochlear implant, èyí tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbé sínú etí ẹni tí kò gbọ́ràn. Títí di ìparí ọdún 2019, iye tí wọ́n ti gbé sínú etí ènìyàn káàkiri àgbáyé tó nǹkan bí 736,900. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ara tí ọmọ ènìyàn yóò gbé wọ̀ lọ́la, ìtàn ẹ̀rọ yìí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Fún ọmọ Yorùbá, ìtàn náà tún ní ọ̀rọ̀ pàtàkì kan nínú, nítorí pé èdè tí ohùn ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà ni èdè Yorùbá.

Láti ọwọ́ Volta dé ọwọ́ House

Ní ọdún 1800, Alessandro Volta, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí ó ṣe bátìrì àkọ́kọ́, mú ọ̀pá irin méjì, ó ti ọ̀kan bọ etí ọ̀tún, ó ti èkejì bọ etí òsì, ó sì so wọ́n mọ́ bátìrì náà. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ránṣẹ́ sí Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó ní nǹkan kọ́kọ́ gbọn òun lórí jìgìjìgì, lẹ́yìn náà ni òun bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ohun kíki ń hó lórí iná. Kò fẹ́ tún un ṣe mọ́, nítorí ó rí i pé ewu lè wà níbẹ̀ fún ọpọlọ.

Kò sí ìkòkò kankan lórí iná nínú yàrá tí Volta wà. Kò sí ohun tí ó hó, síbẹ̀ etí rẹ̀ gbọ́ híhó. Láti ọjọ́ náà ni ó ti hàn gbangba pé iná mànàmáná lè dá ìró sílẹ̀ nínú orí ènìyàn láìjẹ́ pé ìró kan wà níta. Láti ọjọ́ náà náà ni iyèméjì ti wọ inú ọ̀rọ̀ ìgbọ́ràn: bí ènìyàn bá lè gbọ́ ohun tí kò ró, kí ni yóò fi mọ èyí tí ó ró?

Ó tó ọdún 157 lẹ́yìn èyí kí ẹnikẹ́ni tó fi ìmọ̀ yìí ran adití lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1957, ní ìlú Paris, dókítà Charles Eyriès àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì André Djourno fi wáyà sí iṣan ìgbọ́ràn ọkùnrin kan tí àìsàn àti iṣẹ́ abẹ ti gba etí rẹ̀ méjèèjì. Ọkùnrin náà gbọ́ ìró. Ó lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yára àti bí ó ṣe ń falẹ̀, ó sì tó àkókò kan kí ó tó lè dá ọ̀rọ̀ mélòó kan mọ̀ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹ̀rọ náà nìkan bá ènìyàn tàkúrọ̀sọ. Ẹ̀rọ náà bàjẹ́, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó tún bàjẹ́, iṣẹ́ náà sì dúró síbẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé.

Òkìkí rẹ̀ ti kàn dé Amẹ́ríkà kí ó tó dúró. Ní ọdún 1961, dókítà William House ní ìlú Los Angeles bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sínú etí ènìyàn. Ara kò gba àwọn ti àkọ́kọ́, ó sì di dandan kí wọ́n yọ wọ́n jáde. House kò jáwọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún, ní oṣù kọkànlá ọdún 1984, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn fọwọ́ sí ẹ̀rọ tirẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò fọwọ́ sí ẹ̀rọ tí ó rọ́pò ẹ̀yà ìmọ̀lára kan lára ènìyàn.

Wáyà kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ House ní. Ẹni tí ó lò ó yóò mọ̀ pé ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn, pé ọkọ̀ ń fun fèrè lẹ́yìn òun, pé ọmọ ń sunkún. Yóò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ó parí, èyí yóò sì ràn án lọ́wọ́ bí ó bá ń wo ètè ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni kò lè gbọ́.

Ìkarahun àti ewé koríko

Ìdí tí wáyà kan kò fi tó wà nínú ẹ̀dá etí. Nínú etí lọ́hùn-ún ni nǹkan kan wà tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Georg von Békésy, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1961, ti fi hàn pé ibi tí ìró kọ̀ọ̀kan ti ń lágbára jù nínú ìkarahun yìí yàtọ̀ síra. Ìró tín-ín-rín ń ṣiṣẹ́ ní ẹnu rẹ̀, ìró tí ó rinlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Nǹkan bí 15,000 sẹ́ẹ̀lì onírun wẹ́wẹ́ ni ó tò sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí yóò gbé ọ̀rọ̀ ènìyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ibi púpọ̀ nínú ìkarahun náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sọ pé kò lè ṣeé ṣe. Báwo ni wáyà mélòó kan yóò ṣe ṣe iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì? Graeme Clark, dókítà ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, kò gbà fún wọn. Bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Camden, etí bàbá náà kò sì gbọ́ dáadáa, nítorí náà ọmọ náà ti mọ láti kékeré ohun tí ìṣòro yìí ń fi ojú ènìyàn rí. Ohun tí ó dí Clark lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́ ni bí wáyà yóò ṣe wọ inú ìkarahun tí ó lọ́ mọ́ra láìba nǹkan jẹ́. Ní ọdún 1977, nígbà tí ó gba ìsinmi létí òkun, ó ṣa ìkarahun kan nílẹ̀, ó já ewé koríko, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti koríko náà bọ inú rẹ̀. Ó rí i pé koríko tí ìdí rẹ̀ le, tí orí rẹ̀ sì rọ̀, ń wọlé lọ́nà tí ó rọrùn, ó ń tẹ̀lé ìlọ́po ìkarahun náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe mọ bí wáyà náà ṣe yẹ kí ó rí.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1978, ní ìlú Melbourne, Clark gbé ẹ̀rọ náà sínú etí Rod Saunders, ọkùnrin kan tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti sọ di adití. Nígbà tí wọ́n ń dán an wò, wọ́n fi orin orílẹ̀-èdè sí i. Saunders dìde, ó dúró ṣánṣán bí ènìyàn ti í ṣe nígbà tí wọ́n bá ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kí ó dìde. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, ní oṣù kejìlá ọdún 1977, Ingeborg Hochmair àti ọkọ rẹ̀ Erwin ti rí i pé wọ́n gbé ẹ̀rọ oníwáyà púpọ̀ tiwọn sínú etí ẹnìkan ní ìlú Vienna.

Ẹ̀rọ tí ó jáde láti inú iṣẹ́ Clark ní ẹnu wáyà méjìlélógún. Makirofóònù kékeré kan wà lẹ́yìn etí. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ń gba ìró láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń pín in sí ọ̀nà ọ̀nà láti orí ìró tí ó rinlẹ̀ dé orí ìró tín-ín-rín, ó sì ń fi í ránṣẹ́ gba abẹ́ awọ orí kọjá bí rédíò. Òòfà ni ó di apá òde mọ́ apá inú. Lẹ́yìn náà ni ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan yóò ta iná mànàmáná díẹ̀ sí iṣan ní ibi tí ó bá a mu. Ní ọdún 1991, Blake Wilson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe àlàyé ìlànà tuntun kan tí ó mú kí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lo ẹ̀rọ yìí lè gbọ́ ọ̀rọ̀ láìwo ètè rárá. Ní ọdún 2013, Clark, Ingeborg Hochmair àti Wilson jọ gba ẹ̀bùn Lasker fún iṣẹ́ yìí.

Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ àti ohun tí ọpọlọ ń gbọ́

Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ náà, ìgbọ́ràn dé nìyẹn. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Michael Chorost, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, pàdánù gbogbo ìyókù ìgbọ́ràn rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2001. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sínú etí rẹ̀ ní ọdún náà, ó sì kọ ìtàn ohun tí ó rí nínú ìwé Rebuilt tí ó jáde ní ọdún 2005. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ohùn ènìyàn kò jọ ohùn ènìyàn. Díẹ̀díẹ̀ ni ariwo náà di ọ̀rọ̀. Ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún jù ni pé ẹ̀rọ náà ní ju ètò kọ̀ǹpútà kan lọ, bí ó bá sì ti yí ètò náà padà, ayé tí ó ń gbọ́ ń yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Èwo nínú wọn ni ayé bí ó ti rí gan-an?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà kan rí lè ràn wá lọ́wọ́ láti ro ìbéèrè yìí. Ní ọdún 1969, Paul Bach-y-Rita àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa àga kan tí wọ́n to ohun kéékèèké 400 tí ń gbọ̀n sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kámẹ́rà ń ya ohun tí ó wà níwájú, àwòrán náà sì ń di gbígbọ̀n lẹ́yìn afọ́jú tí ó jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn ìdánrawò, àwọn afọ́jú náà lè mọ tẹlifóònù, wọ́n lè mọ àga, wọ́n lè mọ ojú ènìyàn kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ìgbà tí wọ́n bá ń fi ọwọ́ ara wọn darí kámẹ́rà náà ni nǹkan kò jọ ìgbọ̀nrìrì lẹ́yìn wọn mọ́, tí ó wá ń jọ ohun tí ó wà níwájú wọn lọ́ọ̀ọ́kán.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọpọlọ kò rí ìmọ́lẹ̀ rí, kò sì gbọ́ afẹ́fẹ́ rí. Nínú òkùnkùn àti ìdákẹ́rọ́rọ́ ni ó wà. Etí tí ènìyàn bí ẹni pẹ̀lú ń sọ ìró di iná mànàmáná kí ó tó ránṣẹ́ lọ sínú. Ìròyìn ni tirẹ̀ náà. Ọmọ tuntun tí etí rẹ̀ pé pérépéré kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ ìkómọ. Ó ń kọ́ ọ ni. Èdè Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni ènìyàn fi ń gbọ́ ìró, tí ó fi ń gbọ́ òórùn, tí ó fi ń gbọ́ èdè. Bí wọ́n bá ní lágbájá gbọ́ Faransé, kì í ṣe pé ìró Faransé wọ etí rẹ̀. Ó yé e ni. Nígbà tí Saunders dìde dúró fún orin orílẹ̀-èdè rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò gbọ́.

Ohùn tí ó sọnù

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ìtàn ayọ̀ lásán ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè gbé gbogbo ìró. Ó gbọ́dọ̀ ṣa èyí tí yóò mú, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣà á ni ó ń pinnu ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1995, Robert Shannon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde tí ó gbajúmọ̀. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bó o títí tí ó fi ku ọ̀nà mẹ́rin péré, nínú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n ti fi kìkì bí agbára ìró ṣe ń ga tí ó sì ń rẹlẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí etí wọn dá ṣáṣá gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà sì yé wọn dáadáa níbi tí kò ti sí ariwo. Ìròyìn ayọ̀ ni fún ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó sọnù nínú bíbó náà ni gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn, ohun tí olórin fi ń mọ orin, tí ọ̀pọ̀ èdè àgbáyé sì fi ń mọ ìtumọ̀.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n ti mọ bí èyí ti wúwo tó. Nínú èdè Mandarin, sílébù kan náà lè túmọ̀ sí ìyá, ó lè túmọ̀ sí ẹṣin, ohùn ni yóò sọ ọ́. Ìwádìí lóríṣiríṣi ti fi hàn pé àwọn ọmọ tí ń lo ẹ̀rọ inú etí níbẹ̀ máa ń ní ìṣòro láti dá ohùn mọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ gbọ́ kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì. Mandarin sì ní ìrànlọ́wọ́ kan: ohùn rẹ̀ kan máa ń gùn ju òmíràn lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dá dúró, ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn lè fi gígùn ṣe àmì. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ti Yorùbá kò fi gígùn yàtọ̀ síra lọ́nà bẹ́ẹ̀. Gíga àti ìsàlẹ̀ ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀.

Bí bàbá kan bá wí fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó gbé igbá wá, igbá ni ó yẹ kí ọmọ gbé. Bí bàbá náà bá jẹ́ adẹ́mu tí ó ní kí ó gbé igbà wá, okùn ìgunpẹ ni. Ìgbà tún wà, igba náà wà. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kò jọ ara wọn níbikíbi àfi nínú kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì. Etí tí ó gbé kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì nìkan ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè. Iṣẹ́ ti Yorùbá ṣẹ́ kù.

Àwọn baba ńlá Yorùbá ti ṣe ẹ̀rọ kan rí tí ó rìn ní òdìkejì ọ̀nà yìí. Bí onílù dùndún ti ń fún okùn awọ ìlù mọ́ra tí ó sì ń tú u sílẹ̀, ohùn ọ̀rọ̀ ni ó ń gbé jáde. Kò sí kọ́ńsónáǹtì nínú rẹ̀, kò sí fáwẹ̀lì. Síbẹ̀ ẹni tí wọ́n bá fi ìlù ki oríkì rẹ̀ yóò gbọ́, orí rẹ̀ yóò sì wú. Àjèjì tí kò mọ oríkì náà yóò gbọ́ ìlù lásán. Dùndún mú ohùn, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ̀rọ inú etí mú ìyókù, ó fi ohùn sílẹ̀. Nítorí náà, àbùkù kì í ṣe nínú pé ẹ̀rọ ṣa nǹkan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣe àwòkọ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ṣa nǹkan. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó ṣe dùndún mọ èdè tí ìlù náà yóò sọ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nínú ìwé kíkọ. Àríyànjiyàn lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ ohùn Yorùbá sílẹ̀ ti wà láti ìgbà tí Samuel Àjàyí Crowther ti ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ èdè náà, ó sì wà lára ohun tí àwọn oníwàásù àti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ jíròrò lé lórí ní ìpàdé àkọtọ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú Èkó ní ọdún 1875. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láìfi àmì ohùn kan sí i. Ẹni tí ó gbọ́ èdè náà dénú yóò fi òye dí àlàfo. Ọmọdé tí ń kọ́ èdè kò ní òye náà lọ́wọ́ tí yóò fi dí i. Àgbàlagbà tí ó di adití lẹ́yìn tí ó ti gbọ́ Yorùbá fún ogójì ọdún lè fi ìrántí ka ohùn tí ẹ̀rọ kò gbé wá. Ọmọ tí a bí ní adití kò ní ìrántí kankan. Ohun tí ẹ̀rọ bá gbé wá nìkan ni Yorùbá tí yóò mọ̀.

Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ yìí kò jókòó tẹtẹrẹ. Láti ọdún 2006 ni ilé iṣẹ́ MED-EL, tí àwọn Hochmair dá sílẹ̀, ti ń ta ẹ̀rọ tí ó gbìyànjú láti gbé díẹ̀ nínú ohun tí ó sọnù padà. Àwọn dókítà sì ti rí i pé bí etí kejì bá ṣì ń gbọ́ ìró tí ó rinlẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè sí i, nítorí ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ lórí ohùn àti orin. Iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

Àwọn kan wà tí wọ́n kọ̀ láti gbà pé àìgbọ́ràn jẹ́ àbùkù tí ó yẹ kí ẹ̀rọ dí. Ní oṣù kẹta ọdún 1988, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Gallaudet ní Washington, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití, ti ilẹ̀kùn ọgbà pa títí tí wọ́n fi yan I. King Jordan, ẹni tí ó jẹ́ adití bíi tiwọn, ṣe olórí. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní 1990, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ inú etí fún àwọn ọmọ láti ọdún méjì sókè. Ní ọdún 1991, ẹgbẹ́ àwọn adití ní orílẹ̀-èdè náà bu ẹnu àtẹ́ lu ìpinnu yìí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé adití ní èdè, ó ní ìtàn, ó ní àwùjọ. Bí wọ́n bá ń la orí ọmọ kí ó tó lè sọ ohun tí ó fẹ́, ta ni ó bi í léèrè? Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ náà rọ ohùn rẹ̀, ó gbà pé ẹ̀rọ náà jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí òbí lè yàn, ṣùgbọ́n kò yí ojú kúrò nínú pé èdè ọwọ́ jẹ́ èdè pípé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá tààrà. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí àìsàn sọ di adití ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ní Gallaudet, ní ọdún 1954. Ó dé Gánà ní ọdún 1957, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú èdè ọwọ́ tí àwọn adití ń sọ ní Nàìjíríà ti ṣẹ̀ wá. Yorùbá máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní àárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, òwe náà kì í ṣe àfiwé rárá.

Ewu tí ó wà fún ọmọ kò sí nínú ẹ̀rọ nìkan, kò sì sí nínú èdè ọwọ́. Ó wà nínú kí ọmọ dàgbà láìní èdè kankan. Bí òbí bá gbé gbogbo ìrètí lé ẹ̀rọ tí ohùn Yorùbá kò kún inú rẹ̀, tí wọ́n sì ka ọwọ́ sísọ léèwọ̀ fún ọmọ náà, ó lè ṣe é kí ó pàdánù méjèèjì. Àwọn ọdún tí ọmọdé fi ń gba èdè kò pọ̀, wọn kì í sì í padà wá.

Ta ni ó ni etí náà?

Ìtàn ojú tí ọwọ́ ṣe fi apá kan kún ọ̀rọ̀ yìí tí ìtàn etí kò tíì fi hàn tó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Second Sight ní California ṣe Argus II, ẹ̀rọ tí ó ní ẹnu wáyà 60 tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn ẹyinjú afọ́jú kí ó lè rí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 2013, ó sì ju ènìyàn 350 lọ tí wọ́n gbé e sí lójú. Ní ọdún 2019, ilé iṣẹ́ náà dáwọ́ ṣíṣe é dúró. Ní ọdún 2020, owó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró. Àwọn tí ẹ̀rọ wà lójú wọn kò rí ẹni tún un ṣe mọ́ bí ó bá bàjẹ́. Òkùnkùn kejì ni èyí, ìwé ìṣirò owó ni ó sì fà á, kì í ṣe àìsàn.

Neil Harbisson, ayàwòrán tí kò lè rí àwọ̀ kankan àyàfi dúdú, funfun àti eérú, gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀rọ tí ó wà lórí rẹ̀ ń sọ àwọ̀ di ìró fún un. Ní ọdún 2004, ìjọba Bìrìtìkó gbà kí ó fi ẹ̀rọ náà sórí ya àwòrán ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń gbọ́ àwọ̀ tí ojú ènìyàn kankan kò rí rí. Nípa báyìí, kò dí àlàfo nìkan. Ó fi kún ohun tí ó wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Neuralink gbé ẹ̀rọ sínú ọpọlọ ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì ti kéde pé òun fẹ́ ṣe èyí tí yóò mú afọ́jú ríran láìgba inú ojú kọjá. Ọ̀nà tí Volta là pẹ̀lú ọ̀pá irin méjì kò tíì dópin.

Bí ara ọ̀la yóò bá rí báyìí, ìbéèrè pé ṣé òótọ́ ni tàbí àtọwọ́dá kò tó. Gbogbo ìgbọ́ràn ni a ń kọ́, ti ẹran ara àti ti wáyà. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n máa béèrè nípa etí tí ọwọ́ ṣe ni èyí tí ọba ti máa ń béèrè nípa etí tirẹ̀ tí ó wà lóko: èdè wo ni ó gbọ́, ta ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ fún, ṣé yóò sì wà níbẹ̀ lọ́la? Ọba mọ orúkọ àwọn tí ó jẹ́ etí rẹ̀. Ó lè pè wọ́n, ó lè tún ọ̀rọ̀ bi wọ́n.

Fún Yorùbá, ibi tí iṣẹ́ ti lè bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Kí ó tó di pé wọ́n sọ pé ẹ̀rọ kan ti fún ọmọ Yorùbá ní ìgbọ́ràn, kí ìdánwò tí wọn yóò fi wọ̀n ọ́n má ṣe jẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí àwọn onímọ̀ èdè, àwọn dókítà etí, àwọn olùkọ́ adití àti àwọn Àyàn jókòó papọ̀ láti ṣe é. Kí igba, igbá, ìgbà àti igbà wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí ń dán ọmọ wò bo ẹnu rẹ̀ kí ọmọ má baà wo ètè, kí ó sì wo èyí tí ọmọ náà yóò nawọ́ sí.